Àwọn tuntun ń wá ta ṣógì lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n wọn kì í dúró. Kí la lè ṣe?

Àkànbí_Bódìjà

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Ó ti tó ọdún méjì báyìí tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta dá ẹgbẹ́ kékeré kan sílẹ̀ lórí Lishogi, ìkànnì tí wọ́n ti ń ta ṣógì, fún àwa tí a gbọ́ Yorùbá tí a sì ń ta ṣógì. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ayò àwọn ará Japan ni. Ó jọ ṣẹ́ẹ̀sì díẹ̀, ojú ọpọ́n rẹ̀ jẹ́ 81, ogún ọmọ ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé ọmọ tí o bá jẹ ti di tìrẹ nìyẹn. O lè gbé e padà sórí ọpọ́n nígbà tó bá wù ọ́, kó sì máa bá ọ jagun. Ìyẹn ló mú mi. Láti ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, a pín líǹkì kiri lórí WhatsApp, ènìyàn 46 ló wọlé láàárín oṣù mẹ́ta. Lónìí, àwa méje péré la ṣì ń ta. Àwa méje yìí ti mọ ọwọ́ ara wa débi pé mo mọ ohun tí ẹnì kejì mi fẹ́ ṣe kó tó fọwọ́ kan ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mí jù. Lóṣù tó kọjá, ọmọbìnrin kan tó wà ní yunifásítì wọlé lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí a máa ń ṣe ìdíje. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí ọmọ kọ̀ọ̀kan ṣe ń rìn. Ọ̀kan nínú àwa àgbà ni ìkànnì so ó pọ̀ mọ́. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin tí wọ́n fi gbé wúrà, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ṣógì, lé ọba rẹ̀ lórí, ayò parí. Wọ́n tún so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ló rí. Ó kọ "ẹ ṣé o," ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn a kò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Ẹ bá mi rò ó. A mọ bí a ṣe ń pe ènìyàn wá, a kò mọ bí a ṣe ń dá wọn dúró.

Mọ́remí_Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ ẹgbẹ́ o, ẹ̀gbọ́n Àkànbí. Lójú tèmi, ìwé Japan tí wọ́n kọ sára àwọn ọmọ ayò náà ló ń lé wọn. Èmi fúnra mi sá fún ṣógì fún odindi ọdún kan nítorí pé gbogbo ọmọ jọra wọn lójú mi, àwọ̀ kan náà, ìrísí kan náà, ìwé Japan lára gbogbo wọn. Lórí Lishogi, ẹ lè wọ ibi ètò kí ẹ yí wọn sí èyí tó ní àwòrán tó ń fi ìrìn ọmọ hàn. Kí ó jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa sọ fún ẹni tuntun, kí ó tó ta ẹyọ ayò kan.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará. Chiba ní Japan ni mo ń gbé, ọdún kọkànlá rèé. Ọ̀sán Sátidé ni mo máa ń lọ sí gbọ̀ngàn àdúgbò wa níbi tí àwọn àgbàlagbà ti ń ta ṣógì.

Mọ́remí àbúrò mi, n kò bá ọ lọ lórí ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn. Ẹni tó bá fi àwòrán kọ́ ọ, ọjọ́ tó bá fẹ́ wo ìdíje àwọn ọ̀gá lórí YouTube ni yóò mọ̀ pé òun kò tíì kọ́ nǹkan kan. Kò ní lè jókòó sídìí ọpọ́n gidi pẹ̀lú. Oríṣi ọmọ kò ju mẹ́jọ lọ. Ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méje fi ọjọ́ mẹ́ta mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ yan èyí tó ní ìwé ẹyọ kan lára ọmọ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe oníméjì. Oníméjì máa ń há jù lójú fóònù.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an kọ́ nìyẹn. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé gbọ̀ngàn yẹn, bàbá kan tó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún ló pè mí jókòó. Ó kó ọmọ mẹ́wàá kúrò nínú tirẹ̀, ó dà wọ́n sínú àpótí. Ọba àti ọmọ ogun mẹ́sàn-án ló kù sílẹ̀ fún un. Tèmi pé ogún. Ó sì nà mí. Mo ti dìde, mo ti ń wá bàtà mi, nígbà tó gbọ́wọ́ sókè pé kí n padà jókòó. Ó to ọmọ padà bó ṣe wà ní ìbẹ̀rẹ̀, kò wo ìwé kankan, ó ń gbé tirẹ̀, ó ń gbé tèmi, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan, títí ó fi dé ibì kan tó dúró. Ó fi ìka kan ẹ̀gbẹ́ ọpọ́n kó, kó. Ó nawọ́ sí fàdákà mi, ó wá ń wò mí. N kò gbọ́ èdè wọn dáadáa nígbà yẹn. Mo gbé fàdákà náà síwájú dípò ẹ̀yìn tí mo gbé e sí tẹ́lẹ̀. Ó mirí. A tún ta á láti ibẹ̀, mo sì borí. Sátidé tó tẹ̀lé e, èmi ni mo kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà.

Kansosen ni wọ́n ń pè é. Àwọn tó ń fi ṣógì jẹun náà ń ṣe é. Ẹni tó pàdánù á kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun ti pàdánù, àwọn méjèèjì á tẹríba fún ara wọn, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tún jọ yẹ ayò náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, ẹ wò ó, ọmọbìnrin tí ẹ sọ yẹn, lẹ́yìn tí wúrà bọ́ lé ọba rẹ̀ lórí, ta ló bá a jókòó?

Àkànbí_Bódìjà

Ẹnikẹ́ni kò bá a jókòó. Ìdíje ń lọ lọ́wọ́, aago ń sáré, ẹni tó nà án ti bọ́ sídìí ayò mìíràn. Bí mo ṣe ń kà á báyìí, ojú ń tì mí.

Ọ̀ta_Ìtòkú

Mo kí gbogbo yín láti Abẹ́òkúta. N kì í ta ṣógì tó yín, oṣù márùn-ún péré ni, ṣùgbọ́n ayò ọlọ́pọ́n ni mo dàgbà sí ìdí rẹ̀, mo sì mọ bí ó ṣe ń fa ènìyàn.

Nídìí ọpọ́n bàbá mi, ọ̀ta ń na ọ̀pẹ lójoojúmọ́, ọ̀pẹ kì í sì í lọ. Kí ló dé? Àwọn tó yí ọpọ́n ká. Wọ́n á máa yọ ọ̀pẹ lẹ́nu, wọ́n á máa kọrin fún ọ̀ta, ẹnì kan á máa yọ́ ọ̀rọ̀ sọ sí ọ̀pẹ létí pé "má ta ilé yẹn, má ta ilé yẹn." Ọ̀pẹ á dìde nílẹ̀ ní àṣálẹ́ pẹ̀lú ẹ̀rín lẹ́nu, bí wọ́n tilẹ̀ nà án ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ àti fóònù rẹ ni. Bí wọ́n bá nà ọ́, o dákẹ́, ilé dákẹ́.

Ibi tí n kò ti gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n tó wà ní Chiba ni ti kíkó ọmọ kúrò. Kò sí ọ̀ta kankan tó máa ń fún mi ní ọmọ ayò kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kó ọmọ rẹ̀ kúrò níwájú mi, bí ẹni fojú di mí ló rí. Èmi á dìde ni. Ẹ wá ọ̀pẹ fún ọ̀pẹ, kí wọ́n jọ máa na ara wọn.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Ẹ ṣeun, Ọ̀ta_Ìtòkú. Ọ̀rọ̀ àwọn tó yí ọpọ́n ká yẹn wọ̀ mí lára gan-an, èmi náà dàgbà sí ìdí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́.

Ti kíkó ọmọ kúrò, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ṣógì, àbùkù kọ́ ni. Láyé àtijọ́ ní Japan, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ipò wọn yàtọ̀ síra ṣe ń ta á. Títí di òní, bí ọ̀gá kan bá ń kọ́ àwọn ènìyàn lásán, ó lè kó méjì kúrò, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ńlá àti oníìgun, àwọn ọmọ méjì tó lágbára jù, ó lè kó mẹ́rin, ó lè kó mẹ́fà. Ẹni tó kó ọmọ kúrò ló sì máa ń kọ́kọ́ ta. Ìpele kọ̀ọ̀kan ní ọgbọ́n tí wọ́n fi ń borí rẹ̀. Ẹni tó bá ti borí ọ̀gá oní-mẹ́fà mọ̀ pé òun ti gun àkàbà kan, ó ń retí oní-mẹ́rin. Ó ní ibi tó ń lọ.

Bí ẹ bá ní kí ọ̀pẹ máa ta pẹ̀lú ọ̀pẹ nìkan, àwọn méjèèjì á jọ máa ṣe àṣìṣe kan náà fún oṣù mẹ́fà, kò ní sí ẹni tó máa sọ fún wọn.

Ọ̀ta_Ìtòkú

Ó dáa, ẹ̀gbọ́n. Bí ẹ bá ti ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tuntun bẹ́ẹ̀ kó tó jókòó, ó lè gbà. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má kàn kó o kúrò.

Kẹ́hìndé_Sáńgo

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo ń ṣe, ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ lọ síbòmíràn díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, iye tó wọlé ni ẹ ń kà, ìyẹn kò fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ ka iye tó padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé, ẹ̀gbẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan: ta ló kọ́kọ́ bá a ta, ṣé ẹnì kan bá a sọ̀rọ̀, ṣé ó padà. Lẹ́yìn oṣù kan ẹ ó rí i kedere.

Èkejì ni iná àti dátà. Àwa tí a wà ní Nàìjíríà mọ̀ ọ́n. O wà láàárín ayò, ọ̀nà ti ṣí fún ọ láti borí, wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ wáyà-lẹ́ẹ̀sì kú, aago rẹ tán, ìkànnì kọ ọ́ pé o pàdánù. Èmi mọ ẹni méjì tó fi ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ nítorí èyí nìkan. Lishogi ní irú ayò tí aago rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú. Ẹ lè fún ara yín ní ọjọ́ mẹ́ta fún ìgbé kọ̀ọ̀kan. O wà nínú ọkọ̀, o gbé ọmọ kan. O dé ibi iṣẹ́, o gbé òmíràn. Dátà tó ń jẹ kò tó nǹkan, iná kò sì kàn án. Ẹ fún gbogbo ẹni tuntun ní ayò olójọ́ méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú ẹni tó jù ú lọ díẹ̀. Kó tó parí wọn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti lọ, ó ti mọ ènìyàn.

Ẹ̀kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ yẹn kò dáa. Aago márùn-ún ìdájí ni ní Japan. Ẹ ń tilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó mọ ayò yìí jù láyé síta.

Mọ́remí_Leeds

Kẹ́hìndé, òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀sán Sunday. Aago kan ọ̀sán ní Ìbàdàn jẹ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ní Japan.

Àkànbí_Bódìjà

Aago kan, ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago méjì ńkọ́?

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Aago mẹ́wàá alẹ́ ni lọ́dọ̀ wa. Mo lè dúró wákàtí kan àtààbọ̀. Ọjọ́ Ajé ni iṣẹ́, mi ò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá_Ìbejì_Croydon

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn àgbà, ẹ gbàgbé àwọn ọmọdé.

Ní ilé ẹ̀kọ́ Yorùbá ọjọ́ Sátidé tí mo ti ń bá wọn ràn lọ́wọ́, ṣógì ẹlẹ́ranko ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó ń fi ṣógì ṣiṣẹ́ ní Japan, Kitao Madoka, ló gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ ní 2008. Ojú ọpọ́n méjìlá péré ni, mẹ́ta ní ìbú, mẹ́rin ní òró. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan: kìnnìún, àgùnfọn, erin àti òròmọdìyẹ. Òròmọdìyẹ tó bá dé òpin ọpọ́n á di adìyẹ. Bí o bá mú kìnnìún ẹnì kejì rẹ, o borí. Bí kìnnìún tìrẹ bá dé òpin ọpọ́n lọ́dọ̀ ẹnì kejì láìsí ọmọ tó lè mú un, o borí náà. Àmì pupa kéékèèké wà lára ọmọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ ibi tó lè rìn sí.

Páálí àpótí kọnfíléèkì ni èmi àti àwọn ìbejì mi fi gé e. Táyé ya erin, Kẹ́hìndé ya òròmọdìyẹ, etí erin náà tóbi ju ara rẹ̀ lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ọmọ fi ń mọ̀ ọ́n. Èyí tó wú mi lórí ni pé ọmọ ọdún márùn-ún ló ń jẹ́ kí òye yé ìyá rẹ̀ pé ọmọ tí wọ́n jẹ á tún padà sọ́pọ́n. Àwọn ìyá mẹ́ta ló ti ipa bẹ́ẹ̀ bọ́ sínú ṣógì gidi. Ẹ wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn.

Kẹ́hìndé_Sáńgo

Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Àfikún kékeré nípa ẹlẹ́ranko. Wọ́n lè ta á lọ́fẹ̀ẹ́ lórí PyChess, ìkànnì ayò mìíràn. Lishogi ní èyí tí ojú ọpọ́n rẹ̀ jẹ́ márùn-ún sí márùn-ún, ìyẹn dára fún àgbà tí kò ní àkókò.

Ìyá_Ìbejì_Croydon

Ẹ ṣeun, ọmọ mi. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀pẹ_Tuntun

Ẹ dákun, mo ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná, mo ń rò ó bóyá kí n sọ̀rọ̀. Èmi ni ọmọbìnrin ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn.

Ẹ̀gbọ́n Àkànbí, kì í ṣe pé wọ́n nà mí ló jẹ́ kí n lọ. Mo mọ̀ pé wọ́n máa nà mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni. Nínú ayò àkọ́kọ́, mo jẹ ọmọ ogun kan, mo fẹ́ gbé e sọ̀ kalẹ̀ níwájú ọba mi kí ó dí ọ̀nà. Mo tẹ ibẹ̀, kò gbà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, kò gbà. Mo rò pé fóònù mi ló bàjẹ́. Mo pa á, mo tún un tàn, aago mi ń lọ. Mo kọ ọ́ sínú ibi ọ̀rọ̀ pé "ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí kò gbà?" Kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn. Nínú ayò kejì ó tún ṣẹlẹ̀. Mo wá rò pé bóyá ẹgbẹ́ yín kì í ṣe ti irú àwa.

N kò tíì mọ ìdí tí kò fi gbà títí di òní.

Ọ̀ta_Ìtòkú

Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ káàbọ̀ padà. Òfin ni, kì í ṣe fóònù rẹ. O kò gbọdọ̀ ní ọmọ ogun méjì tí kò tíì yí padà di wúrà ní ìlà kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó dájú pé ọmọ ogun rẹ kan ti wà níwájú ní ìlà yẹn. Ìkànnì kì í ṣàlàyé, ó kàn máa ń kọ̀ ni. Ó ṣẹlẹ̀ sí èmi náà lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Nifu ni wọ́n ń pè é. Bí o bá ta á lórí ọpọ́n gidi, o ti pàdánù lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹ̀bẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọ̀gá tó ń fi ṣógì jẹun náà, lójú kámẹ́rà. Nítorí náà má ro ara rẹ sí ẹni tí kò mọ nǹkan.

Mo fi kún un: o kò gbọdọ̀ gbé ọmọ ogun sọ̀ kalẹ̀ láti fi pa ọba lójú ẹsẹ̀. Ọmọ mìíràn lè ṣe é. Ọmọ ogun tó ti wà lórí ọpọ́n tẹ́lẹ̀ lè rìn síwájú kó pa ọba. Èyí tó ti ọwọ́ rẹ bọ́ ni kò gbọdọ̀ ṣe é.

Àkànbí_Bódìjà

Àbúrò mi, mo bẹ̀ ọ́, má bínú. Ọwọ́ wa ló ti ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè rẹ wà níbẹ̀ títí di báyìí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó ni. Ẹni méje la wà lórí ìlà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kò sí ẹni tó wo ibi ọ̀rọ̀.

Ṣé o lè wá ní Sunday, aago méjì? Èmi fúnra mi ni mo máa bá ọ ta. Màá kó mẹ́fà kúrò bí o bá gbà.

Ọ̀pẹ_Tuntun

Mo gbà, Sà. Mo máa wá.

Ọlá_Ìṣólò

Èmi kì í ta á rárá o. Wíwò ni mo máa ń wò, ó sì dà bí ẹni pé ẹ gbàgbé irú wa. Ní Japan, àwọn tó ń wò tí wọn kì í ta pọ̀ débi pé wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè wọ́n. Fujii Sota, ọ̀gá ṣógì kan ní Japan, ló fà mí wọlé. Ọmọ ọdún 14 ni nígbà tó di ẹni tó ń fi ṣógì ṣiṣẹ́ ní 2016, ó sì borí ní ẹ̀ẹ̀mọkàndínlọ́gbọ̀n léraléra láti ayò rẹ̀ àkọ́kọ́. Òun ló ni gbogbo oyè mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ báyìí. Nígbà ìdíje oyè, wọ́n tilẹ̀ máa ń ròyìn ìpápánu tí olúkúlùkù jẹ ní àárọ̀ àti ní ọ̀sán, àwọn ènìyàn á sì tú jáde lọ ra irú rẹ̀.

Bí ẹ bá lè jọ wo ìdíje kan lóṣù, kí ẹnì kan máa ṣàlàyé ní Yorùbá, èmi á mú ènìyàn mẹ́wàá wá.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Ó dáa gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe: oṣù kẹwàá 2023 ni Fujii kó gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ jọ. Ní oṣù kẹfà 2024, Ito Takumi gba ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, oyè Eio. Ọdún kan náà ni wọ́n bí àwọn méjèèjì. Gbogbo gbọ̀ngàn wa ló dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Mọ́remí_Leeds

Ẹ má gbàgbé Karolina Styczyńska. Ọmọ Poland ni. Ìwé àwòrán àwọn ará Japan ló ti kọ́kọ́ rí ṣógì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ta á títí ó fi mú, ní 2017 ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ọmọ Japan tó wọ ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó ń fi ṣógì ṣiṣẹ́. Bí mo bá ti sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ọmọbìnrin, wọ́n máa ń bi mí pé níbo ni àwọn ti lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá máa ṣàlàyé ní Yorùbá gbọ́dọ̀ ní orúkọ fún àwọn ọmọ. Mo dábàá: ọba, wúrà, fàdákà, ẹṣin, ọ̀kọ̀, ọmọ ogun. Kẹ̀kẹ́ àti bíṣọ́ọ̀bù ló ṣòro díẹ̀.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Bíṣọ́ọ̀bù kò sí níbẹ̀, àwọn Òyìnbó ló fi ti ṣẹ́ẹ̀sì sọ ọ́. Ohun tó wà lára ọmọ yẹn ni "ẹni tí ń rin ìgun." Oníìgun ni mo máa ń pè é. Èkejì rẹ̀ jẹ́ "kẹ̀kẹ́ ogun tí ń fò." Ọ̀kọ̀ náà, àwọn Òyìnbó ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ tùràrí ló wà lára rẹ̀. Wúrà àti fàdákà, ọ̀gágun ni wọ́n, ọ̀gágun wúrà, ọ̀gágun fàdákà. Àgbà ló sì máa ń mú ọba, ẹni tó kéré máa ń mú èyí tí wọ́n kọ òkúta iyebíye sí lára.

Ọ̀ta_Ìtòkú

Kẹ̀kẹ́ tùràrí dùn létí, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ ló fi ìrìn rẹ̀ hàn. Iwájú ló ń lọ tààrà, kò lè padà sẹ́yìn. Ẹni tuntun gbọ́ ọ̀kọ̀, ó ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀kọ̀ ni kí a lò.

Ọmọ_Ọ̀yọ́_Chiba

Mo gbà fún ọ̀kọ̀. N kò gbà fún bíṣọ́ọ̀bù.

Kẹ́hìndé_Sáńgo

Oníìgun, a ti gbà á. Ohun kan ṣoṣo kí n tó sùn. Ẹ má fi owó polówó, ẹ má sì rán àwọn tuntun lọ sí Shogi Wars, ibòmíràn tí wọ́n ti ń ta ṣógì lórí fóònù, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Ó dára, àwọn ará Japan pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ayò mẹ́ta lóòjọ́ ló fi ń ṣe ọ̀fẹ́, ẹni tó bá sanwó sì lè ní kí kọ̀ǹpútà bá òun ta ìgbé márùn-ún. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ẹnì kejì òun jẹ́ òṣó. 81Dojo, ìkànnì ṣógì mìíràn, dára lẹ́yìn oṣù kan tàbí méjì, torí lẹ́yìn ayò ẹ̀yin méjèèjì lè jókòó síbẹ̀ kí ẹ jọ máa gbé ọmọ kiri. Lórí Lishogi, ẹ ṣí Study, ibi tí ẹ ti lè jọ yẹ ayò wò, ẹ pe ẹnì kejì wọlé, ohun kan náà ni.

Kí wọ́n sì máa ṣe àdììtú pípa ọba lójoojúmọ́, ìgbé kan, lẹ́yìn náà ìgbé mẹ́ta. Ẹ̀yin oníṣẹ́ẹ̀sì, ẹ rántí pé ìgbé tìrẹ àti ti ẹnì kejì ni wọ́n ń kà pọ̀ níbí. Mẹ́ta wọn ni ẹ̀yin ń pè ní méjì.

Àkànbí_Bódìjà

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin rèé, mo ní kí n padà wá jábọ̀.

A ti gbé ìpàdé lọ sí Sunday aago méjì. A kì í ṣe ìdíje níbẹ̀ mọ́. Ẹni tuntun kan, àgbà kan, ayò kan, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ yẹ̀ ẹ́ wò. A béèrè lọ́wọ́ ẹni tuntun iye ọmọ tó fẹ́ kí a kó kúrò. Àwọn méjì sọ pé kí a má kó nǹkan kan, gẹ́gẹ́ bí Ọ̀ta_Ìtòkú ṣe sọ. A gbà fún wọn. Olè ni mo fi ìdíje ọjọ́ Ìṣẹ́gun wé báyìí, ó jí àkókò wa, ṣùgbọ́n àwọn àgbà fẹ́ ẹ, a ti fi í sílẹ̀ fún wọn.

Mo ń kọ orúkọ sínú ìwé bí Kẹ́hìndé ṣe wí. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló wọlé lóṣù yìí, mẹ́fà padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Nínú mẹ́ta tí kò padà, méjì ni ẹnikẹ́ni kò bá jókòó lẹ́yìn ayò, torí àwa àgbà kò pọ̀ tó lọ́jọ́ náà.

Ọ̀pẹ_Tuntun wá. Mo kó mẹ́fà kúrò, mo borí. A wá ṣí Study. Ó fi fàdákà rẹ̀ gun òkè ní ìlà kejì, ó tì mí mọ́ igun, mo ní kó dúró, mo béèrè pé kí ló dé tí kò yí ọmọ ogun rẹ̀ padà nígbà tó wọ ilé mi. Ó ní òun kò mọ̀ pé ó lè di wúrà níbẹ̀. Ó yí i padà. Ó wò ó. Ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta la lò níbẹ̀, ọpọ́n kan náà. Sunday tó kọjá, ó borí mi.

Ohun tó kù ni àgbà. A nílò ẹni méjì sí i tí yóò máa jókòó ti àwọn tuntun lẹ́yìn ayò. Kò dìgbà tí ẹ bá lágbára gan-an.

Ọ̀pẹ_Tuntun

Ẹ fi orúkọ mi sí i, Sà. Ẹni tó bá wá láì mọ nǹkan kan, èmi lè kọ́ ọ ní nifu.